Ta Ló Wà ní Mẹ́tàdínlógún?

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn tí ajá bu ẹ̀gbọ́n mi jẹ ni ajá náà kú. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí ná, nítorí pé bí mo bá ti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀, àwáwí ni màá máa wá fún ara mi, mo sì mọ ara mi dáadáa.

Ilé ìtọ́jú ẹranko ni a ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ibùdókọ̀. Àwọn ajá àti ológbò tó sọnù, tàbí tí ẹni tó ni wọ́n kọ̀ sílẹ̀, ni wọ́n ń kó wá bá wa. Ọgọ́ta kéèjì ló wà níbẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, irin ni gbogbo wọn, sìmẹ́ńtì sì ni ilẹ̀ wọn. Ọ̀gá wa ni Dókítà, obìnrin kan tó ń tọ́jú ẹranko, tí kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ẹranko kankan sùn nínú ìrora. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń fọ kéèjì, tó sì ń fún wọn lóúnjẹ. Ó ti ń ṣe é bọ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Èmi ni akọ̀wé. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ ọ̀rọ̀ ẹranko kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà: ọjọ́ tó dé, àìsàn tó ń ṣe é, abẹ́rẹ́ tó gbà, ẹni tó mú un lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi wá iṣẹ́ náà, nígbà tí ilé ìtẹ̀wé tí mo wà tẹ́lẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n ní ó kúnlẹ̀ bẹ Dókítà. Òun fúnra rẹ̀ ò sọ ọ́ fún mi rí.

Ìyá wa kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n mi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Òun ló pọ̀n mí, òun ló wẹ̀ mí, òun ló fi ilé ìwé sílẹ̀ kí èmi lè rí ọ̀nà lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀wé tí òun ò fi mọ̀ ọ́n. Àwa méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í sì í sọ ọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń fún ẹranko ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà ọ̀hún gùn bí ọjọ́ ebi, ẹyọ mẹ́jọ ni, kò sì sí ẹni tó lè gbé e sórí. Dókítà á máa ké láti yàrá ìtọ́jú pé, "Akọ̀wé, wo ti òdo, òdo, mẹ́rin, ọ̀kan…" Kó tó ka nọ́ńbà náà tán, ajá á ti fi eyín tú báńdéèjì ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ó ní kí n wá nǹkan tó máa dúró sí èèyàn lórí, tí gbogbo wa á lè fi máa pe ẹranko láìṣe pé a ń wo ìwé.

Mo rò ó fún ọjọ́ méjì, mo sì gbé ọgbọ́n mi dé. Mo ní nọ́ńbà kéèjì ni kó di nọ́ńbà ẹranko. Ẹni tó bá wà ní kéèjì kẹtàdínlógún, òun ni Mẹ́tàdínlógún. Ó kúrú, ó rọrùn, wọ́n sì ti kọ ọ́ gàdàgbà sára irin. Bí Mẹ́tàdínlógún bá lọ, tàbí tó kú, ẹni tó bá gba kéèjì rẹ̀ ló gba nọ́ńbà rẹ̀. Màá pa ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ́, màá kọ àwọ̀ àti ọjọ́ tí ẹni tuntun dé, ó parí. Dókítà ní, "Èyí dáa." Mi ò tíì gbọ́ kó yin ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí, orí mi sì wú.

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló bá mi jiyàn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti bàtà òjò rẹ̀.

"Kéèjì kì í ṣe ajá," ó ní. "Ajá á jáde lọ́jọ́ kan. Kéèjì ò ní bá a lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ ṣe é."

Ó ní, "Ó dáa, Akọ̀wé," ó sì padà sídìí omi rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ sí ẹni tó pọ̀n mí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Aṣọ ni kọ̀ǹpútà mi. Mi ò mọ̀ pé àkísà ẹ̀gbọ́n mi ló máa bo ìhòòhò wa.

Nítorí òun náà ní ọ̀nà tó ń gbà mọ̀ wọ́n. Bí ẹranko bá dé, ó máa ń wò ó fún ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá ti sọ ọ́, kò ní yí i padà, kò sì ní fún òmíràn lórúkọ náà mọ́ láyé. Ẹlẹ́sẹ̀-Funfun, Jẹun-Sùn, Má-Fọwọ́-Kàn-Mí. Ajá ńlá kan wà tó ń pè ní Alága, nítorí pé kì í dìde fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, títí kan Dókítà. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣé kí n máa kọ "Olóyè Alága" sínú kọ̀ǹpútà ni. Á rẹ́rìn-ín, á ní kí n kọ ohun tó bá wù mí, pé Alága mọ ara rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni ajá bù ú jẹ. Ó wọ ọ́fíìsì pẹ̀lú aṣọ tútù tó fi wé ọrùn ẹsẹ̀, kò tilẹ̀ jọ ẹni tí nǹkan ṣe. Dókítà wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà.

"Ta ló bù yín jẹ?" Dókítà bi í.

"Elétí-Kan. Ẹ̀rù ló bà á, mo fi bọ́kẹ́ẹ̀tì dí i lọ́nà."

"Nọ́ńbà wo nìyẹn?" èmi ni mo bèèrè.

"Kéèjì kẹtàdínlógún ló wà."

Dókítà yíjú sí mi. "Wò ó bóyá Mẹ́tàdínlógún ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi."

Dìgbòlugi ni àrùn tó ń mú kí ajá ya wèrè. Inú itọ́ ajá ló ń gbé, ojú ọgbẹ́ ló sì ń gbà wọ ara èèyàn. Bí ẹni tí wọ́n bù jẹ bá tètè lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù, yóò yè é. Ṣùgbọ́n bí àrùn náà bá ti fara hàn lára rẹ̀, kò sí dókítà tó lè gbà á sílẹ̀. Gbogbo wa tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo tẹ mẹ́tàdínlógún. Kọ̀ǹpútà gbé e jáde: ó ti gbà á. Mo kà á sókè, ohùn mi sì le bí ohùn adájọ́. Dókítà mí kanlẹ̀. Ó bá ẹ̀gbọ́n mi tún ẹsẹ̀ náà fọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi púpọ̀, ó fi oògùn sí i, ó sì padà sí yàrá rẹ̀.

"Ṣé kí n ṣáà dé ọsibítù?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ẹ wò ó, òun rèé." Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, èmi tí mo mọ̀ pé kò lè kà á. Ó tẹjú mọ́ iná náà, ó mi orí.

"Bó o bá ti sọ bẹ́ẹ̀," ó ní.

Lọ́jọ́ Sátidé, Elétí-Kan ò jẹun. Ó wọ́ lọ sí kọ̀rọ̀ kéèjì, ohùn rẹ̀ yí padà, itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀. Dókítà dúró wò ó pẹ́. Ó ní, "Ká ní kò tíì gba abẹ́rẹ́ ni, mi ò bá ti…" Kò parí rẹ̀. Ó fún un ní oògùn ọ̀nà ọ̀fun, ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọ inú kéèjì náà. Nígbà tó di àárọ̀ Túsìdeé, a bá a ní òkú.

Dókítà wọ ìbọ̀wọ́ méjì, ó gbé òkú náà kúrò. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la kù níbẹ̀. Ó ń da omi oògùn sí ilẹ̀, èmi sì dúró pẹ̀lú ìwé mi, mo fẹ́ lọ pa ojú ewé Mẹ́tàdínlógún rẹ́, nítorí pé wọ́n ti mú ajá mìíràn dúró lẹ́nu géètì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yára tó.

"Ẹ̀kẹta rèé tó máa kúrò níbí," ẹ̀gbọ́n mi ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹlẹ́sẹ̀-Funfun lọ sílé tíṣà yẹn. Olójú-Oorun kú. Elétí-Kan náà ti lọ wàyí."

Mo ní, "Èwo ni Olójú-Oorun?" Mo kàn fẹ́ dá a lóhùn ni.

"Ajá arúgbó yẹn. O ò rántí? Ẹni tí Dókítà fún ní abẹ́rẹ́ wèrè, tó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Èmi ni mo dì í mú."

"Inú kéèjì wo?"

"Èyí tá a dúró sí yìí ni."

"Nígbà wo?"

"Nígbà òjò. Ó ti tó oṣù méje."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé inú mi. Oṣù méje. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni Elétí-Kan lò lọ́dọ̀ wa kó tó kú. Ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi oògùn, mi ò gbé e. Mo sáré padà sí ọ́fíìsì, mo ṣí Mẹ́tàdínlógún. Ojú ewé àkọ́kọ́: ajá aláwọ̀ búráùn, etí kan, ọjọ́ tó dé. Mo ṣí èyí tó wà lẹ́yìn, ojú ewé abẹ́rẹ́, tí mi ò ṣí rí láti ìgbà tí mo ti ń pa ti iwájú rẹ́. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi wà níbẹ̀. Oṣù méje sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ Olójú-Oorun ni. Ajá ti kú, abẹ́rẹ́ rẹ̀ jókòó sínú nọ́ńbà, ó ń dúró de ẹni tó máa jogún rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti wá rí èyí tó burú jùyẹn lọ. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo máa ń tẹ ìwé fún Dókítà, nọ́ńbà gbogbo ẹranko tí kò tíì gba abẹ́rẹ́. Òun ló ń tẹ̀ lé tó bá gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ káàkiri. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni Elétí-Kan lò, ìwé mẹ́rin ni mo tẹ̀, Mẹ́tàdínlógún ò sí nínú ìkankan, nítorí kọ̀ǹpútà gbà pé ó ti gbà á. Kì í ṣe pé mo kàn kọ irọ́ nípa ajá náà. Èmi ni mo fi abẹ́rẹ́ dù ú.

Nígbà tí Dókítà wọlé tó bi mí pé kí ló dé, mo na ọwọ́ sí ọjọ́ abẹ́rẹ́ náà. Ó tẹ̀ síwájú, ó ka ọjọ́ náà, ó tún un kà.

"Ọjọ́ mélòó ni ó ti bù wọ́n jẹ?"

"Mẹ́jọ."

"Gbé ẹ̀gbọ́n rẹ lọ sí ọsibítù," ó ní. "Báyìí báyìí. Èmi á fi orí ajá náà ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò." Kò bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi, kò bú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń fọ kéèjì. Mo gba rọ́bà omi lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ ọ́ fún un. Mi ò mọ irú ẹnu tí mo fi sọ ọ́. Ó tẹ́tí títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà òjò rẹ̀, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri dáadáa.

"Jẹ́ kí n fún àwọn ológbò lóúnjẹ ká tó lọ," ó ní.

Mo jágbe mọ́ ọn, èmi tí mi ò gbé ohùn sókè sí i rí láyé mi. Gbogbo ajá tó wà ní ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi.

Dókítà tó wà ní ọsibítù jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ awò ojú, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó tú ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi wò. Ọgbẹ́ náà ti ń jiná. Ó bi wá pé kí ló dé tí a fi jẹ́ kó di ọjọ́ kẹjọ.

"Wọ́n ní ajá náà ti gba abẹ́rẹ́," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ògiri.

Mo ní, "Èmi ni. Èmi ni akọ̀wé ibẹ̀. Àbúrò wọn ni mí."

Ó wò mí láti inú awò ojú rẹ̀, ó sì padà sídìí ẹsẹ̀ náà. Ó ní ẹsẹ̀ jìnnà sí orí, pé ìyẹn dára, nítorí orí ni àrùn náà ń wá lọ, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń rìn. Ó ní òun á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ yí ojú ọgbẹ́ náà ká, ó tún gún òmíràn sí apá. Ó ní á padà wá gba ìgbà mẹ́rin sí i kí oṣù tó parí, kò sì gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kankan. Mo bi í pé bó bá ti pẹ́ jù ńkọ́. Ó ní ká ṣì dúró gbọ́ èsì ajá ná. Ó ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọkàn wa lè bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Kò sọ pé kò pẹ́ jù.

Wọ́n ní ká jókòó fún wákàtí kan kí wọ́n lè mọ bí abẹ́rẹ́ náà ṣe bá a lára mu. Bẹ́ńṣì gígùn kan la jókòó sí, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń run ọṣẹ. Mo ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí màá sọ. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mú bírò. Kọ ọ́."

"Kí ni kí n kọ?"

"Àwọn ẹranko. Gbogbo wọn. Bí mo bá kú, kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n mọ́."

Omi bọ́ lójú mi. Ó ní kí n nujú, pé omi á ba ìwé jẹ́. Mo yí ìwé ọsibítù sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

"Kéèjì kìn-ín-ní, Alága ló wà níbẹ̀ báyìí. Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Inú kẹrin ló kọ́kọ́ wà, ìgbà tí òrùlé ń jò, o gbé e lọ sí kọkànlélógún, lẹ́yìn náà kìn-ín-ní. Nọ́ńbà mẹ́ta lo fún ajá kan. Oògùn ẹ̀dọ̀ tó gbà ní kọkànlélógún, ó ṣì wà ní kọkànlélógún lọ́dọ̀ rẹ, àbí?"

Mo ronú. Ó wà níbẹ̀. Ajá kékeré kan tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá ló wà ní kéèjì yẹn.

Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Kò dúró, kò ṣìnà. Ẹni tó wà níbẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ẹni tó ti wà ṣáájú ìyẹn, ibi tó gbà lọ, ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ún. Ìwé ọsibítù kún. Mo ra ìwé kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà, mo padà wá jókòó. Nígbà tó dé kéèjì kọkànlélọ́gbọ̀n, ó gbé ọwọ́ lé ìwé náà.

"Kọ ti àwọn ológbò dúdú méjì yẹn," ó ní. "Kọ Má-Fọwọ́-Kàn-Mí. Kókó inú ló ń ṣe é, Dókítà sì ní kó gba abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kó lè sinmi. Kọkànlélọ́gbọ̀n ni kéèjì rẹ̀. Ọjọ́ yẹn o ní kí n yí wọn nípò kí n lè fọ ibẹ̀, o sì gbàgbé láti yí i nínú kọ̀ǹpútà. Jẹun-Sùn ló wà ní kọkànlélọ́gbọ̀n nígbà tí Dókítà dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́."

Bírò dúró lọ́wọ́ mi.

"Nǹkan kan ò ṣe Jẹun-Sùn," ó ní. "Mo lọ gba oúnjẹ wọn ni. Kí n tó padà dé, ó ti sùn lọ. Má-Fọwọ́-Kàn-Mí kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, nínú ìrora. Èmi ni mo sin àwọn méjèèjì. Dúdú ni wọ́n, kò sẹ́ni tó bèèrè."

Mo gbìyànjú láti rántí ọjọ́ náà. Mi ò rántí nǹkan kan. Ọjọ́ kan bí ọjọ́ yòókù ni lọ́dọ̀ mi, ó ṣeé ṣe kí n ti lọ jẹun ọ̀sán. Ẹ̀rù ara mi bà mí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O ò tíì pé oṣù méjì lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti kúnlẹ̀ nítorí iṣẹ́ yẹn." Ó na ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé. "Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, á tán síbẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Èmi náà lọ́wọ́ sí ìbùjẹ yìí, àbúrò mi. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mi ò lè kọ ọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, nọ́ọ̀sì kan kọjá, ó rò pé abẹ́rẹ́ ló ń dùn ún, ó ní ká ṣe sùúrù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí a lọ gba abẹ́rẹ́ kejì, Dókítà wa pè mí lórí fóònù, èsì àyẹ̀wò ti dé. Ó ní, "Ajá náà ní in." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo wà, mo rí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ńṣì, ó tẹ orí ba, ó ń tún okùn bàtà rẹ̀ dì. Mo fi fóònù sí àpò. Nígbà tí mo jókòó tì í, kò bi mí léèrè. Ó ní, "Kéèjì kẹtàlélógójì," ó sì ń bá a lọ.

Mo sọ ọ̀rọ̀ àwọn ológbò fún Dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní ọwọ́ òun lòun fi gún Jẹun-Sùn, òun sì wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ lo máa tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni ọ̀gá rẹ lórí ẹ̀." Èmi tí mo ti kó ẹrù mi sínú páálí.

A tún un ṣe. Ẹranko igba ó lé mẹ́rìnlá ló ti kọjá lọ́wọ́ mi láàárín ọdún méjì, gbogbo wọn ló sì ti ẹnu ẹ̀gbọ́n mi jáde. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní jogún rẹ̀, ì báà kú, ì báà lọ. Ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà ni orúkọ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ wà, èyí tí a fi ń pè é lẹ́nu. Nọ́ńbà kéèjì di ibi tó ń sùn lásán, ọ̀rọ̀ tí a lè yí lójoojúmọ́ kí nǹkan kan má bàjẹ́. Bí mo bá ní kó yára sọ ẹranko tuntun lórúkọ kí n lè parí iṣẹ́, á ní, "Mi ò tíì mọ̀ ọ́n," màá sì dúró.

Ẹ̀rù ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí dìgbòlugi bá mú kì í lè gbé omi mì. Bó bá rí omi pàápàá, ọ̀fun rẹ̀ á máa dì. Nítorí náà, láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń bu omi sínú ife, màá gbé e fún un, màá sì dúró wo ọ̀fun rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ sọ mí di ẹja ni?" á wí, á sì mu ún.

Bó bá wúkọ́, n ò ní lè jẹun lọ́jọ́ náà. Bó bá ní ẹsẹ̀ ń yún òun, màá jáde lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbà pé ó mọ̀.

Ọjọ́ kejìléláàádọ́rùn-ún lẹ́yìn ìbùjẹ náà, ó wọ ọ́fíìsì kí n tó dìde. Òun fúnra rẹ̀ ti bu omi. Ó dúró níwájú mi, ó mu ún dé ìdajì, ó gbé ife náà sórí tábìlì.

"Ṣí Elétí-Kan," ó ní.

Mo ṣí i. Nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tó kú, ohun tó pa á. Kò gba abẹ́rẹ́. Bu èèyàn kan jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ ibi tó ṣófo. Ó fi ìka kan ìlà tó kẹ́yìn.

"Kí ló yẹ kó wà níbí?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bù jẹ."

"Kí ló dé tí o ò kọ nǹkan kan?"

"Ọwọ́ mi ò gbà á," mo ní. Òótọ́ ni. Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti ń ṣí ojú ewé náà, màá wo àlàfo yẹn, màá tún tì í.

"Kọ ọ́ báyìí."

Mo ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ọ́: kò kú.

"Kà á fún mi."

"Kò kú," mo ní.

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Ó wo àwọn lẹ́tà náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń wo ẹranko tuntun.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ò ní jogún ìyẹn lọ́jọ́ kan?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n mi. Tiyín ni."

Ó mu omi tó kù nínú ife náà, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì lọ fọ kéèjì.